Ìtàn Sòbìà: Bí A Ṣe Lé E Kúrò Nínú Ara Wa

Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn bàbá wa àti àwọn ìyá wa tí wọ́n dàgbà sí abúlé. Ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀ wọn àti ojúgun wọn. Ní ara àwọn mìíràn, ẹ óò rí àpá kékeré, bí ẹni pé iná ta sí ibẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: “Bàbá, kí ló ṣe yín níbí?” Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé: “Sòbìà ni.”

Ọmọ tí a bí ní Parakou lónìí lè dàgbà, kí ó gbéyàwó, kí ó bímọ, kí ó má sì rí sòbìà rí. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá lọ, ìtàn rẹ̀ náà máa ń fẹ́ bá a lọ. Ohun tí a bá sì gbàgbé lè padà wá bá wa. Nítorí náà ni a ṣe kọ ìtàn yìí. Ẹ kà á, kí ẹ sì kà á fún àwọn ará ilé.

Kí ni sòbìà?

Aràn ni sòbìà. Kì í ṣe irú aràn tí ń gbé inú ìfun ọmọdé. Abẹ́ awọ ni òun ń gbé. Ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Bí a bá nà án, ó lè gùn tó mítà kan. Abo nìkan ni ó ń gùn bẹ́ẹ̀. Akọ rẹ̀ kéré púpọ̀, inú ara ni ó sì ń kú sí.

Àwọn Faransé ń pè é ní “ver de Guinée”, èyí ni aràn Guinea, nítorí pé àwọn òyìnbó rí i ní etíkun wa níhìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa nìkan. Ó ti wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ó ti wà ní Íńdíà. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, àwọn onímọ̀ rí sòbìà tí ó ti gan nínú òkú kan tí a ti tọ́jú láti ayé àtijọ́. Àìsàn àtayébáyé ni.

Ohun tí àwọn àgbà rò

Àwọn àgbà wa kò dákẹ́ nípa sòbìà. Wọ́n wá ìdí rẹ̀. Àwọn kan sọ pé Ṣànpọ̀nná ni ó ń fi bá ènìyàn jà. Àwọn mìíràn sọ pé inú ara gbogbo ènìyàn ni sòbìà wà, pé ó dàbí iṣan, àti pé bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé ni ó ń jáde. Ní Ìdèrè, ìlú kan ní Ìbàràpá ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn olùkọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ará ìlú ní àwọn ọdún 1980.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí ènìyàn bá mu omi búburú lónìí, tí inú sì run ún lọ́la, yóò mọ̀ pé omi ni. Ṣùgbọ́n omi tí ènìyàn mu lónìí, nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni sòbìà yóò tó jáde. Ẹnu ni ó gbà wọlé, ẹsẹ̀ ni ó gbà jáde. Ta ni yóò rántí omi tí ó mu ní èṣí, tí yóò sì sọ pé òun ni ó fa egbò tí ó wà ní ẹsẹ̀ òun lónìí? Ó ṣòro. Kódà, ní nǹkan bí ọdún 1870 ni ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Alexei Fedchenko, tó rí i pé inú kòkòrò omi kékeré kan ni ọmọ sòbìà ń gbé.

Ọ̀nà tí ó ń gbà nínú ara

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé sòbìà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nínú adágún omi, kòkòrò kan wà tí ó kéré tóbẹ́ẹ̀ tí ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí i. Kòkòrò yìí máa ń gbé ọmọ sòbìà mì. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ sòbìà náà ti gbó tó láti wọ ara ènìyàn. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti oko dé etí adágún, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bu omi mu. Ó ti gbé kòkòrò náà mì.

Omi náà gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí àpò oúnjẹ tí ó wà nínú ikùn. Nínú àpò yìí ni omi kíkan kan wà tí ara fi ń lọ oúnjẹ. Omi kíkan yìí máa ń pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun búburú tí a bá gbé mì. Ó pa kòkòrò náà. Ṣùgbọ́n kò pa ọmọ sòbìà. Ńṣe ni ó tú u sílẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn fún olè.

Ọmọ sòbìà lu ògiri ìfun, ó bọ́ sínú ẹran ara. Níbẹ̀ ni ó ti ń dàgbà. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, akọ àti abo pàdé, abo lóyún. Abo bẹ̀rẹ̀ sí rìn lábẹ́ awọ, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni tí ó ní in lára kò mọ̀. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń jó níbi ìgbéyàwó.

Ní nǹkan bí ọdún kan, awọ ẹsẹ̀ wú, ó lé roro. Ó ń jó bí iná. Roro náà bẹ́, orí sòbìà yọ. Nítorí gbígbóná yìí, ẹni náà sáré lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú. Ohun tí sòbìà ń dúró dè nìyẹn! Bí omi bá ti kàn án, ó tú àwọn ọmọ rẹ̀ jáde sínú omi, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún. Kòkòrò omi gbé wọn mì. Ẹlòmíràn wá bu omi náà mu. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń yí po, láti ọdún dé ọdún.

Kí ló dé tí ara kò lè lé e?

Ara ènìyàn ní ẹ̀ṣọ́. Awọ ni ògiri rẹ̀. Omi kíkan inú àpò oúnjẹ ni aṣọ́nà rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀, ara ní àwọn ọmọ ogun tí ń bá àrùn jà. Àwọn ọmọ ogun yìí a máa rántí ọ̀tá. Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe mọ̀ pé ẹni tí ìgbóná bá mú tí kò pa á, ìgbóná kì í sábà tún mú un mọ́.

Ti sòbìà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fara pamọ́ fún àwọn ọmọ ogun ara. Ẹni tí ó mú ní èṣí, ó lè tún mú un lọ́dún yìí. Títí di òní, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Kò sí oògùn mímu tí ń pa á nínú ara ènìyàn.

Ohun tí àwọn baba ńlá wa ń ṣe náà ni àwọn dókítà ń ṣe: a ó ká a mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. A kò gbọdọ̀ fi agbára fà á. Bí ó bá já sínú, ẹsẹ̀ yóò wú, yóò gbọyún. Bí egbò náà bá dọ̀tí, tẹ́tánọ́ọ̀sì lè gba ibẹ̀ wọlé, ìyẹn sì lè pa ènìyàn.

Ìyà tí ó fi jẹ wá

Sòbìà kì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń pa iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àkókò iṣẹ́ oko gan-an ni ó máa ń jáde. Àgbẹ̀ jókòó sí ilé, iṣu wà nínú ilẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wà á. Ìyá kò lè rìn dé ọjà. Ọmọ kò lè rìn dé ilé ẹ̀kọ́. Nígbà mìíràn, bàbá, ìyá àti ọmọ yóò dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí omi kan náà ni gbogbo wọn mu ní èṣí. Ebi yóò sì wọ ilé náà.

Bí a ṣe dí ọ̀nà mọ́ ọn

Àwọn àgbà sọ pé: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí a kò lè pa sòbìà nínú ara, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù: kí a má jẹ́ kí ó wọlé.

Ní ọdún 1986, àpéjọ Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu pé kí a lé sòbìà kúrò láyé. Ní ọdún náà, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ènìyàn ni ó ń mú láyé lọ́dọọdún. Jimmy Carter, tí ó ti jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, gba iṣẹ́ náà ṣe, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú ní 2024. Ní Nàìjíríà, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó ti ṣe olórí ìjọba rí, lọ sí àwọn abúlé láti bá àwọn ará oko sọ̀rọ̀.

Níhìn-ín ní Bẹ̀nẹ̀, ní ọdún 1990, a ka àwọn tí sòbìà mú. Wọ́n lé ní 37,000. Ẹkùn Zou wà lára ibi tí ó ti le jù. Ṣábẹ̀ àti Ìdáàṣà wà nínú Zou nígbà náà, kí a tó dá ẹkùn Collines sílẹ̀ ní 1999. Borgou tiwa náà kò yọ.

Kí ni a ṣe? Ohun mẹ́rin ni.

Èkíní, asẹ́. A fún àwọn ìyá ní aṣọ tí ihò rẹ̀ kéré gan-an. Wọ́n ta á bo ẹnu ìkòkò, wọ́n da omi sí i, kòkòrò dúró lókè, omi mímọ́ bọ́ sísàlẹ̀. A tún fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn Fúlàní darandaran ní ọ̀pá kékeré tí ó ní asẹ́ nínú. Wọ́n so ó mọ́ ọrùn, wọ́n sì ń fi í fa omi mu nínú oko.

Èkejì, a gbẹ́ kànga, a ri pọ́ǹpù sí àwọn abúlé. Omi abẹ́ ilẹ̀ tí a bo dáadáa kì í ní kòkòrò yìí.

Ẹ̀kẹta, a bẹ ẹni tí sòbìà ń jáde lára rẹ̀ pé kí ó má ki ẹsẹ̀ bọ omi tí àwọn ènìyàn ń mu. A wẹ egbò rẹ̀, a dì í.

Ẹ̀kẹrin, a da oògùn kan tí ń jẹ́ Abate sínú adágún. Ó ń pa kòkòrò náà. Bí a bá wọ̀n ọ́n dáadáa, kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé aṣọ àti oògùn nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, a yan ẹnì kan láàárín àwọn ará abúlé. Òun ni ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Òun ni ó ń béèrè pé: “Ta ni sòbìà mú níhìn-ín?” Òun ni ó ń kọ orúkọ sínú ìwé. Bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀wé kọ ní abúlé, báwo ni à bá ṣe mọ ibi tí àìsàn náà kù sí?

Ìgbà tí ó tán

Díẹ̀díẹ̀ ni iye náà ń dín kù. Ní ọdún 2004, a rí ẹni ìkẹyìn tí ó kó sòbìà ní Bẹ̀nẹ̀. A ṣọ́nà fún ọdún púpọ̀ kí ó má baà tún yọjú. Ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé kò sí sòbìà ní Bẹ̀nẹ̀ mọ́. Tógò gba ẹ̀rí tirẹ̀ ní 2011, Nàìjíríà àti Nìjẹ̀ ní 2013, Gánà ní 2015.

Ní gbogbo ayé, ní ọdún 2024, ènìyàn 15 péré ni a rí tí sòbìà mú, ní Ṣáàdì àti ní Gúúsù Sùdáànù. Láti mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ dé 15! Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán. Ní Ṣáàdì, sòbìà ń mú ajá, ajá sì ń gbé e lọ sínú omi.

Parakou jẹ́ oríta. Ọkọ̀ ń ti Nìjẹ̀ wá, ọkọ̀ ń ti Nàìjíríà wá, àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn dé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹnikẹ́ni tí aràn funfun ń yọ ní ara rẹ̀, ẹ má ṣe fi pamọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wọ inú omi. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kíákíá.

Ẹ̀kọ́ tí ó kù fún wa

Asẹ́ ti tó fún sòbìà, ṣùgbọ́n kò tó fún gbogbo àrùn inú omi. Ohun tí ń fa onígbáméjì kéré ju ihò aṣọ lọ, yóò kọjá. Bí omi bá ti adágún tàbí odò wá, kí a sẹ́ ẹ, kí a sì sè é kí ó hó kí a tó mu ún. Kí a bo ìkòkò omi. Kí a fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí a tó jẹun, àti nígbà tí a bá ti ilé ìyàgbẹ́ dé.

Ara wa ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ náà kò lè dá gbogbo ogun jà. Ibi tí agbára ara pin sí, ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí wa fi aṣọ kékeré kan, sùúrù, àti ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí lé àìsàn tí ó ti ń fi ìyà jẹ ènìyàn láti ayé àtijọ́. Nígbà tí ẹ bá tún rí àpá yẹn ní ẹsẹ̀ bàbá tàbí ìyá kan, ẹ kí wọn kú ìṣẹ́, kí ẹ sì sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.