Ẹ fẹ́ gbé ọmọ kékeré lọ sinmi létí omi àti lórí òkè? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ rèé

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni kì í jẹ́ kéèyàn rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ́mọ kékeré lọ́wọ́, ìyẹn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn títí dé ọmọ ọdún 3, mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kéèyàn rìn jìnnà, ọ̀tọ̀ sì ni kéèyàn gbádùn ìrìn náà. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ti náwó nára lórí ìsinmi tó jẹ́ pé ẹkún ọmọ, ibà àti wàhálà ẹnubodè nìkan ni wọ́n rántí nígbà tí wọ́n padà délé. Kì í ṣe pé ibi tí wọ́n lọ kò dára, bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni kò bá ọmọ mu.

Bí a bá ti dárúkọ ìsinmi létí adágún omi àti lórí òkè, ilẹ̀ Yúróòpù ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ. Bẹ́ẹ̀, títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì tí àwọn ará Òkòkòmáíkò, Ìbà àti Ìjànikin ń rí lójoojúmọ́, èyí tó gba iwájú Yunifásítì Ètò Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó kọjá, òun náà ló lọ tààrà sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tó bá tọ̀ ọ́ dé òpin, tó sì la orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kọjá, yóò bá adágún omi pàdé ní Tógò, yóò sì bá òkè níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò ní wọkọ̀ òfuurufú, kò sì ní tọrọ físà. Ìrìn-àjò yìí la fẹ́ ṣàlàyé létòlétò fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ibi méjì ti tó

Àṣìṣe àkọ́kọ́ táwọn òbí máa ń ṣe ni pé wọ́n máa ń fẹ́ rí gbogbo nǹkan tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ kékeré kì í ka iye ìlú tó dé, ohun tó mọ̀ ni ibi tó sùn, ohun tó jẹ àti ẹni tó wà nítòsí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú ibi méjì péré, kẹ́ ẹ sì sùn tó ọjọ́ mẹ́ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi àkọ́kọ́ ni adágún omi Tógò, tó wà láàárín ìlú Aného àti Lomé. Ilẹ̀ oníyanrìn tóóró kan ló wà láàárín òun àti òkun. Ìlú Agbodrafo, tí wọ́n ń pè ní Porto Seguro láyé àtijọ́, wà létí rẹ̀ lápá òkun, Togoville sì wà ní òdìkejì. Togoville yìí ni orílẹ̀-èdè náà ti gba orúkọ. Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, bá ìjọba Ọba Mlapa Kẹta ti Togoville fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 1884. Póòpù John Paul Kejì náà débẹ̀ lọ́dún 1985. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń sọdá láti Agbodrafo.

Ibi kejì ni ìlú Kpalimé, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 120 sí Lomé. Nítòsí rẹ̀ ni òkè Agou wà, òkè tó ga jù ní gbogbo Tógò. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 986. Èyí kò tó ohun tó lè dí ọmọ lémìí, ọ̀nà mọ́tò sì wà tó gun òkè náà, nítorí náà kò pọn dandan kẹ́nikẹ́ni fẹsẹ̀ gùn ún. Oko kọfí àti kòkó pọ̀ lágbègbè náà, igbó Klouto sì gbajúmọ̀ fún oríṣiríṣi labalábá. Ọmọ ọdún méjì tó bá rí labalábá kò tún béèrè ohun mìíràn mọ́.

Ìwé ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá

Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1979, fún ọmọ Nàìjíríà láṣẹ láti wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n àìgba físà kò túmọ̀ sí àìmú ìwé dání. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ láti ọwọ́ àjọ tó ń rí sí ètò ìkànìyàn, ìyẹn NPC, dání pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ ìyá nìkan tàbí bàbá nìkan ló ń gbé ọmọ lọ, kí ẹnì kejì kọ ìwé ìyọ̀ǹda, kó fọwọ́ sí i níwájú agbẹjọ́rò tàbí ní kóòtù, kó sì so ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún màmá àgbà tàbí àbúrò tó bá ń gbé ọmọ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré rárá. Sẹ̀mẹ̀ wà lára ibi táwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ ṣòwò ti ń gbìyànjú láti kọjá, ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè àti ti àjọ NAPTIP, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, fi ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹni tó ni ọmọ. Ọmọ tí kò tí ì mọ̀rọ̀ sọ kò lè jẹ́rìí fún yín, ìwé ni yóò sọ̀rọ̀.

Ẹ má gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, ẹ má sì fi ìwé ìrìnnà yín lé ọwọ́ ẹni tó ní òun yóò bá yín ṣe é kíákíá. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde àti ti ìwọlé sí i ní gbogbo ẹnubodè. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ tirẹ̀ lọ nílò ìwé ìbánigbófò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ wádìí bóyá ẹnubodè ṣí. Ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa nínú oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, kò sì ṣí ti Sẹ̀mẹ̀ padà títí di oṣù Kejìlá, ọdún 2020.

Abẹ́rẹ́ àti oògùn

Abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé wọ́n máa ń béèrè yẹ́lò káàdì ní ẹnubodè. Ọmọ tó bá ti pé oṣù 9 ti tó o gbà, ó sì wà lára abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Káàdì náà kì í ṣiṣẹ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ ọ̀hún fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má fi dọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbéra. Láti oṣù Keje, ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á, ó sì di ti ayérayé.

Ẹ̀fọn wà létí omi, ó sì wà ní Kpalimé. Ẹ mú àpò ẹ̀fọn tiyín lọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ti òtẹ́ẹ̀lì. Bí ara ọmọ bá gbóná lójú ọ̀nà tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ padà dé, ẹ má ṣe ra oògùn lásán fún un, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ibà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ kó ìwọ̀n ORS mélòó kan sínú báàgì, kẹ́ ẹ sì fi iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pò ó bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Bó bá ń wo sùn-ùn, tí kò mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kù.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fẹsẹ̀ wọ́ omi tó dúró sójú kan. Kòkòrò tó ń mú èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀ máa ń gba inú irú omi bẹ́ẹ̀ wọ awọ ara. Wíwo adágún omi àti gígun ọkọ̀ lórí rẹ̀ ti tó ìgbádùn fún un.

Ẹ ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bá ọmọ mu láti ilé. Ti àgbà tí wọ́n bá fi sí ọmọ lọ́rùn kò lè dá a dúró, ṣe ni yóò yọ́ bọ́ lára rẹ̀ bó bá já sómi. Ọkọ̀ ojú omi tó bá kún àkúnjù, tàbí tí ọ̀run bá ṣú, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ má sì pọn ọmọ sẹ́yìn nínú ọkọ̀ omi, iwájú yín ni kó wà.

Ọmọ ni aago

Ẹ wo ìgbà tí ọmọ yín máa ń sùn lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìrìn ọkọ̀ bọ́ sí àsìkò náà. Kò yẹ kí wákàtí tí ọmọ fi ń jókòó lójú kan ju méjì lọ kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kó sáré díẹ̀, kó sì mu omi. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ akérò ńlá tó ń lọ sí Accra kò fi bá ọmọ mu, nítorí awakọ̀ kò ní dúró nítorí ẹkún ẹnì kan. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ háyà, tàbí kẹ́ ẹ máa wọkọ̀ láti ìlú dé ìlú, ló sàn jù. Ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan pọ̀ ní Kútọnu bí omi, ẹ má gbé ọmọ sórí rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Aago Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n ti Tógò fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ọmọ tó máa ń sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́ nílé yóò máa tòògbé ní aago méje Tógò, yóò sì jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má bá a jà, ẹ jẹ́ kí òwúrọ̀ jẹ́ àsìkò ìgbafẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì padà sílé kí oòrùn tó mú.

Ní ti oúnjẹ, ẹ kò ní wá a tì. Ẹ̀kọ tútù wà, akassa ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyin àti búrẹ́dì pọ̀. Omi inú ike tí wọn kò tí ì ṣí ni kẹ́ ẹ fún ọmọ. Owó CFA kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná, èdè Faransé sì ni ti ìjọba, ṣùgbọ́n Yorùbá tó ń ṣòwò wà ní Kútọnu àti Lomé, ó sì ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ ọmọ sílé. Lórí òkè, ọ̀já ìyá ló wúlò jù.

Bí ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe lè lọ

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ kúrò ní Ìjànikin kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ má bàa ká yín mọ́. Ẹ kọjá ní Sẹ̀mẹ̀, kẹ́ ẹ sì sùn sí Kútọnu tàbí Grand-Popo létí òkun. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọjá ní ẹnubodè Hillacondji bọ́ sí Tógò, kẹ́ ẹ sì sùn ní Agbodrafo fún alẹ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ gba Lomé lọ sí Kpalimé, ibẹ̀ náà lẹ ó ti lo alẹ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ padà sí Lomé sùn, kẹ́ ẹ wá sọ́nà ilé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Bó bá rẹ ọmọ, ẹ tún sùn kan sí i ní Kútọnu. Kò sí ẹni tó ń lé yín.

Oṣù Kẹjọ dára, nítorí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lápá gúúsù, ooru kì í sì í mú púpọ̀. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ilẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè bo òkè lójú, èrò sì máa ń pọ̀ ní ẹnubodè lásìkò Kérésìmesì.

Bó bá jẹ́ Yúróòpù lẹ fẹ́

Ìlànà kan náà ni, owó àti ìwé ló yàtọ̀. Láti oṣù Kẹfà, ọdún 2024, owó físà Schengen jẹ́ yúrò 90 fún àgbà, ọ̀fẹ́ sì ni fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 6. Ìwé ìbánigbófò ìlera tó tó yúrò 30,000 jẹ́ dandan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ. Ẹ lè kọ̀wé béèrè láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn-àjò, ó pẹ́ tán ó ku ọjọ́ 15. Bẹ́ ẹ bá dé etí adágún omi Annecy nílẹ̀ Faransé, ẹ dúró nísàlẹ̀. Ọkọ̀ orí wáyà kan ń gbé èèyàn lọ sí Aiguille du Midi ní Chamonix, òkè tó ga dé mítà 3,842, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò sì tó fún ọmọ kékeré.

Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ọmọ tí a pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹni tó pọ̀n ọ́n bá rìn bó ṣe yẹ ni. Bí ìwé bá pé, tí abẹ́rẹ́ pé, tí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kò pọ̀, ọmọ á sinmi, ẹ̀yin náà á sì sinmi.