Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì agbóguntàrùn nínú kókó lymph àwọn tó ní jẹjẹrẹ àpòlúkù

Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì agbóguntàrùn nínú kókó lymph ni bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara ṣe ń dojú kọ jẹjẹrẹ àpòlúkù nínú àwọn kókó kéékèèké tó yí àpòlúkù ká. Àwọn kókó yìí, tí wọ́n rí bí èso ẹ̀wà, ló ń sẹ́ omi ara tó ń ṣàn kúrò níbẹ̀.

Inú àwọn kókó yìí ni jẹjẹrẹ sábà máa ń kọ́kọ́ tàn dé, ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ abẹ fi ń yọ wọ́n pọ̀ mọ́ àpòlúkù. Ìlànà TNM, tí wọ́n fi ń mọ bí jẹjẹrẹ ṣe tàn tó, fẹ́ kí wọ́n yẹ kókó 16 wò, ó kéré tán. Bí jẹjẹrẹ bá wà nínú 1 tàbí 2, N1 ni; 3 sí 6 jẹ́ N2; 7 sókè jẹ́ N3. Òǹkà yìí kò sọ ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì agbóguntàrùn ń ṣe.

Sẹ́ẹ̀lì dendritic, tí Ralph Steinman àti Zanvil Cohn ṣàpèjúwe ní 1973, ló ń gbé àjákù jẹjẹrẹ wọ inú kókó, tó ń fi í han sẹ́ẹ̀lì T, oríṣi sẹ́ẹ̀lì agbóguntàrùn mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì T tó bá dá a mọ̀ á bí sí i, á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Àmọ́ oríṣi sẹ́ẹ̀lì T kan wà tí kì í jẹ́ kí ara gbógun ti ara rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ìkọlù náà á rọlẹ̀. Pùròtéènì PD-1 tó wà lára sẹ́ẹ̀lì T náà lè dín agbára rẹ̀ kù. Oògùn nivolumab, tí orílẹ̀-èdè Japan fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ àpòlúkù ní 2017, ló ń dí PD-1 lọ́wọ́.