Oríta Ojú Irin ti Èbúté Mẹ́ta

Ẹni tí a bí ní Molutehin, ní etí òkun Ìlàjẹ, lè dàgbà di arúgbó láì gbọ́ fèrè rélùwéè rí. Omi ni ọ̀nà tiwa. Ibi tí odò méjì bá ti pàdé ni ọkọ̀ ti ń dúró, ibẹ̀ náà ni ọjà sì máa ń hù. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdíkọ̀ ojú irin tí ó wà ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí ọ̀nà irin ti yà sí méjì, ọ̀rọ̀ náà kò ṣe àjèjì sí wa bí ènìyàn ti lè rò. Omi ni ó yà á.

Kí rélùwéè tó dé, ẹ̀yìn odi Èkó ni Èbúté Mẹ́ta jẹ́. Àwọn onígbàgbọ́ tí a lé kúrò ní Abẹ́òkúta nígbà Ifọ́lé, ní 1867, ni Gómìnà Glover fún ní ilẹ̀ níbẹ̀. Ní 1896 ni iṣẹ́ ọ̀nà irin bẹ̀rẹ̀. Ó dé Abẹ́òkúta, ó dé Ìbàdàn, Gómìnà MacGregor sì ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 1901. Nígbà náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Erékùṣù Ìddó ni ó parí sí. Afárá Carter ni ó so Ìddó pọ̀ mọ́ Èkó, pèpéle tí a fi ilẹ̀ dí sì so ó mọ́ Èbúté Mẹ́ta. Kò sí oríta kankan.

Ohun tí ó fa oríta ni iyanrìn. Òkìtì iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà Èkó, tí ọkọ̀ òkun ńlá kò fi lè wọlé. Forcados ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ já ẹrù sí, kí ọkọ̀ kékeré tó tún un kó wá sí Èkó. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀: láti Forcados dé Èkó, etí òkun tiwa ni wọ́n ń gbà kọjá, láì dúró. Ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní ni Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ńlá sínú òkun láti fi tọ́ ẹnu ọ̀sà náà. Ọkọ̀ ńlá wọlé, ọlá Forcados sì rẹ̀yìn. (Òkúta kan náà ni ó dá iyanrìn dúró, tí òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Èkó tí ó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀. N kò sọ pé òun ni ó fa ohun tí òkun ń ṣe fún Molutehin lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ kì í ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kí ó rẹ́rìn-ín.)

Nígbà tí ọkọ̀ ńlá ti wọlé, àyè kò gba wọn ní Ìddó. Omi jíjìn wà ní Àpápá, ní òdìkejì. Láàárín 1921 sí 1926 ni a kọ́ wọ́ọ̀fù ńlá sí ibẹ̀, ọ̀nà irin tí ó yà kúrò ní Èbúté Mẹ́ta ni ó sì di ọ̀fun rẹ̀. Èrò ń lọ sí Ìddó. Kòkó ilẹ̀ Yorùbá àti ẹ̀pà Kánò ń lọ sí Àpápá.

Japan pẹ̀lú lo irin tí ó fẹ̀ tó tiwa gan-an, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Òun ni wọ́n fi ṣí ọ̀nà Shimbashi sí Yokohama ní 1872. Ní 1885 ni wọ́n ṣí ìdíkọ̀ Shinjuku, ní ẹ̀yìn Tokyo. Ní 1889 ọ̀nà kejì pàdé rẹ̀ níbẹ̀, ó sì di oríta. Lónìí, Shinjuku wà lára àwọn ibi tí èrò pọ̀ sí jù ní ayé. Irin kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Àwọn ará Japan fi ọ̀nà kún ọ̀nà kí ará ìgbèríko lè lọ sí ibi iṣẹ́ kí ó sì padà sílé. Tiwa, ẹrù ni a kọ́kọ́ rò. Ènìyàn ni ó tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀ ènìyàn ni ó fún oríta yìí ní ìtàn. Èbúté Mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ rélùwéè wà, níbẹ̀ ni Michael Imoudu sì ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ní 1941 ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde láti Èbúté Mẹ́ta, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé Gómìnà láti béèrè owó oúnjẹ tí ogun ti sọ di ọ̀wọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọba mìíràn yanṣẹ́ lódì ju oṣù kan lọ. Ìjọba wá mọ̀ pé ẹni tí ó bá di ọ̀fun Àpápá mú ti di òwò gbogbo ilẹ̀ yìí mú.

Ọ̀nà ẹrù ti dákẹ́ fún ọdún púpọ̀ nígbà tí tírélà gba iṣẹ́ rẹ̀. Èrò tí ń bọ̀ láti Agége àti Ìjòkó ni ó mú kí ìdíkọ̀ náà má kú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni a ṣí ọ̀nà irin tuntun, tí ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, láti Èbúté Mẹ́ta dé Ìbàdàn. A fi orúkọ Mobolaji Johnson sọ ìdíkọ̀ ńlá rẹ̀. Ní 2024, ọkọ̀ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà bẹ̀rẹ̀ láti Agbádó, ó ń gba ibẹ̀ kọjá dé Oyíǹgbò. Kò sí èyí tí ó dé Ìddó nínú méjèèjì. Ibi tí ó jẹ́ ìyànà nígbà kan ti di orí ọ̀nà.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni àdúgbò kan wà, nínú àbàtà, tí a ń pè ní Ìlàjẹ Òtúmárà. Orúkọ náà ti tó láti sọ irú ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ omi yẹn lò. Ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni a wó ilé ibẹ̀.