Oníṣòwò Tó Pe Nàìjíríà Lẹ́jọ́

Ẹ̀yin ará Ṣómólú àti Bàrígà tí ẹ ń lọ ra ọjà ní Kùtọnu wá tà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè òun àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pa. Wọ́n ní àwọn olè tó ń jí mọ́tò gbé sọdá ló fà á. Olè ni wọ́n ń bá wí, ọlọ́jà ló jìyà.

Oníṣòwò kan wà tí ń jẹ́ Olajide Afolabi. Ó ti bá ẹnìkan ṣàdéhùn ọjà lọ́hùn-ún, kò sì rí ọ̀nà kọjá. Ẹlòmíràn ì bá fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Òun gba Kóòtù ECOWAS l'Ábújá lọ, ó ní ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ òun mọ́lẹ̀.

Kóòtù tuntun ni nígbà náà. Láti 1991 ni wọ́n ti kọ ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n 2001 ni àwọn adájọ́ tó búra. Ní oṣù kẹrin 2004 wọ́n lé ẹjọ́ Afolabi dànù, wọ́n ní ìwé 1991 kò gba aráàlú láyè. Ìjọba orílẹ̀-èdè kan ló lè bá ọmọ rẹ̀ pe ìjọba mìíràn. Ẹ gbọ́ ná, ta ni yóò wá bá Afolabi pe Nàìjíríà? Ṣé Nàìjíríà ni?

Àwọn adájọ́ pàápàá wà lára àwọn tó ní kí wọ́n tún ìwé náà ṣe, wọ́n sì tún un ṣe ní oṣù kìíní 2005. Láti ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù lè lọ fúnra rẹ̀. Kò pọn dandan kó kọ́kọ́ ti Ìkẹjà dé kòtẹ́milọ́rùn.

Ọ̀nà yìí ni Hadijatou Mani gbà ní Niger. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí wọ́n tà á lẹ́rú. Nígbà tó bọ́, tó fẹ́ ẹni tó wù ú, kóòtù ìlú rẹ̀ rán an lẹ́wọ̀n pé ó ní ọkọ méjì! Ní 2008 Kóòtù ECOWAS ní kí Niger san mílíọ̀nù 10 owó sẹfà fún un. Láti oṣù kìíní 2025, Niger kò sí nínú ECOWAS mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì í mú fún kòtẹ́milọ́rùn o. Ẹni tí adájọ́ Ìkẹjà dá lẹ́bi kò lè gbé ìdájọ́ náà lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n fagi lé e. Wọ́n ti sọ èyí ní 2005 nínú ẹjọ́ Jerry Ugokwe, tó pàdánù ìjókòó rẹ̀ nílé aṣòfin. Bí ẹ bá sì jàre, ìwé ìdájọ́ yín yóò padà sọ́wọ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ kó tó di owó. Òun kan náà sì ni lọ́yà àgbà fún ìjọba tí ẹ pè lẹ́jọ́.