Àwọn Olólùfẹ́ Orin Jáàsì àti Ipò Wọn Nínú Ìtàn Orin Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí onílù bá ń lù, tí olórin ń kọ, tí kò sí ẹni tí ó dúró gbọ́, òfo ni eré náà já sí. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìtàn orin, orúkọ olórin àti ti onílù nìkan ni a máa ń kọ sí ojú pátákó. A kì í sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó ra àwo, tí wọ́n yá ọ̀rẹ́ wọn, tí wọ́n lọ sí òde eré, tí wọ́n sì jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú lórí olórin tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èrò ìwòran lásán: àwọn náà wà lára àwọn tí ó dá orin sílẹ̀. Orin jáàsì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn orin tí àrọ́mọdọ́mọ àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní ìlú New Orleans. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni jáàsì ń wá nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá. Kí onítọ̀hún fi sùúrù bá wa lọ. Ìdáhùn ń bẹ níwájú.

Ojú irin, àwo orin àti asọ̀rọ̀mágbèsì

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti agbègbè kan tí kì í ṣe Èkó. Ní ọdún 1907 ni ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Òṣogbo. Láti ibẹ̀ ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá sí ọ̀nà Ọ̀fà, ó sì dé Ìlọrin ní ọdún 1908. Nípa báyìí, Ìkìrun, Inísà, Òkukù àti àwọn ìlú tí ó wà ní tòsí wọn, títí kan Èkó-Èǹdé, níbi tí a ti sé odò Ọ̀tìn fún omi ẹ̀rọ lẹ́yìn náà, kò jìnnà sí etí òkun mọ́ bí i ti àtijọ́. Ọkọ̀ tí ó kó ohun ọ̀gbìn lọ ni ó ń kó ohun ọ̀làjú bọ̀.

Giramafóònù wà lára ohun ọ̀làjú wọ̀nyí. Kò bèèrè iná mànàmáná. Ọwọ́ ni a fi ń yí i. Ohùn Yorùbá kò sì pẹ́ kí ó tó wọ inú àwo. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti kọ orin ẹ̀mí 43 sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di orúkọ ìdílé yìí mú, nítorí a ó tún bá a pàdé. Ní ọdún 1935 ni ìjọba gbé rédíò olókùn wọ Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Àwọn ènìyàn wa sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò gba èsì. Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilé-iṣẹ́ rédíò Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Voice of America bẹ̀rẹ̀ ètò orin kan tí Willis Conover ń darí. Jáàsì ni ó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e káàkiri ayé. Gẹ̀ẹ́sì tí Conover ń sọ kì í yára, kí ẹni tí kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ lè gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ní rédíò tí ó lè gbá ìgbì afẹ́fẹ́ ọ̀nà jíjìn mú, ìbáà jẹ́ ní Èkó, ìbáà jẹ́ ní ìlú kékeré tí kò ní iná, lè gbọ́ Duke Ellington ní alẹ́.

Àwo kò pọ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ìdí nìyí tí gbígbọ́ orin fi jẹ́ iṣẹ́ àjọṣe. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ kì í dá gbọ́ ọ. Ará ilé àti ará àdúgbò a pé jọ yí i ká, a sì máa yí àwo kan náà padà títí gbogbo wọn yóò fi mọ ibi tí fèrè ti wọlé àti ibi tí ìlù ti dákẹ́. Irú ìgbọ́ràn báyìí ni ó ń sọ ènìyàn di onímọ̀.

Olólùfẹ́ ni olórin kí ó tó di olórin

Bí a bá yẹ ìtàn àwọn àgbà olórin wa wò fínnífínní, a ó rí i pé olùgbọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó di ẹni tí à ń gbọ́. Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, dé láti ìlú ọba ní ọdún 1947. Orin ijó tí ó ti gbọ́ ní òkè òkun ni ó kó dé, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó pè ní Jam Session Orchestra. Orúkọ yìí fúnra rẹ̀ ti inú jáàsì wá: òun ni wọ́n ń pe àpéjọ tí àwọn olórin ti ń bá ara wọn ṣeré láìsí ìwé níwájú wọn. Ọ̀dọ̀ Benson ni Victor Olaiya àti Roy Chicago, tí wọ́n gbajúmọ̀ nínú orin háíláìfù, gbà kọjá.

Àpẹẹrẹ kejì ni Tony Allen, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1940. Òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ni ní ilé-iṣẹ́ rédíò nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlù fúnra rẹ̀, ó sì ti tó ọmọ ọdún 18 nígbà náà. Kò rí ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ ní ìlù jáàsì. Àwo Art Blakey àti ti Max Roach ni ó fi ṣe ọ̀gá. Ó rí ẹ̀kọ́ kan kà nínú ìwé ìròyìn jáàsì tí wọ́n ń pè ní Down Beat, níbi tí Max Roach ti ṣàlàyé bí a ṣe ń lo àwo idẹ méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ onílù ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọbi ara sí àwo idẹ yìí; òun sọ ọ́ di ara ohùn rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kẹta ni Fela Ransome-Kuti, ọmọ-ọmọ Àlùfáà tí a ti dárúkọ. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958, ó kàwé orin ní Trinity College of Music, ó sì padà dé ní ọdún 1963. Jáàsì ni ó wù ú láti máa ṣe, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ́ gbọ́ jáàsì pọ́ńbélé ní Èkó kò pọ̀ tó láti bọ́ ẹgbẹ́ olórin. Ó tún ẹgbẹ́ Koola Lobitos tí ó ti dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tò, ó da jáàsì pọ̀ mọ́ háíláìfù, Tony Allen sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lu ìlù ní ọdún 1964. Láti inú àdàpọ̀ yìí ni Afrobeat ti jáde nígbà tí ó yá. Ibí yìí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe àkíyèsí dáadáa. Kì í ṣe òye olórin nìkan ni ó bí Afrobeat. Àwọn olùgbọ́ tí ó kọ̀ láti jó sí jáàsì pọ́ńbélé, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wọn dìbò fún ohun tí wọ́n mọ̀, wà lára àwọn tí ó bí i.

Ìgbà tí àlejò wọlé

Bí àwo ti dára tó, kò tó kí á fi ojú rí olórin. Louis Armstrong, àgbà afọnfèrè láti New Orleans, dé Accra ní ọdún 1956, èrò tí ó tú jáde pọ̀ rẹpẹtẹ. Ní ọdún 1960, nígbà tí òmìnira wa ṣì tutù, ó dé Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1961, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan tí ó ń ṣètò lórí àṣà Áfíríkà kó àwọn òṣèré wá sí pápá ìṣeré King George V ní Èkó. Lionel Hampton wà níbẹ̀, Nina Simone wà níbẹ̀, akéwì Langston Hughes wà níbẹ̀, àtẹdùùrù Randy Weston náà sì wà níbẹ̀.

Weston tún padà wá ní ọdún 1963. Kò wá kọ́ wa nìkan. Òun náà gbọ́ tiwa. Ní ọdún 1963 kan náà ni ó gbé àwo kan jáde tí ó pè ní Highlife, ó sì fi orin Bobby Benson tí à ń pè ní Niger Mambo sínú rẹ̀. Benson tí ó jẹ́ olólùfẹ́ orin àwọn ará Amẹ́ríkà ti di ẹni tí ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn. Bí a ṣe ń yá ara ẹni ní àwo nínú agbo ilé ni orílẹ̀-èdè méjì ṣe ń yá ara wọn ní orin.

Ọmọ Àjídò ní New York

Àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù nínú ọ̀ràn yìí ni Babatunde Olatunji. Àjídò ní ẹ̀bá Àgbádárìgì ni a ti bí i ní ọdún 1927. Ẹ̀kọ́ ìwé ni ó gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1950, ṣùgbọ́n ìlù ni ó fi di ẹni ńlá. Ní ọdún 1960 ni àwo rẹ̀, Drums of Passion, jáde. Orin tí ó ṣáájú nínú rẹ̀ ni Akiwowo, orin tí a fi ń ki òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan. Ojú irin kan náà tí ó gbé giramafóònù wá sí ilẹ̀ wa ti di orin nínú àwo tí àwọn ará New York ń rà.

Àwọn afọnjáàsì gbọ́ àwo yìí. John Coltrane, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ sasofóònù fọn jù lọ láyé, kọ orin kan ní ọdún 1962, ó sì pè é ní Tunji, ìgékúrú orúkọ Olatunji. Ní ọdún 1962 bákan náà, Art Blakey, ẹni tí Tony Allen ń fi àwo rẹ̀ kọ́ṣẹ́, gbé The African Beat jáde, Solomon Ilori tí í ṣe ọmọ Yorùbá sì bá a lùlù nínú rẹ̀. Nígbà tí Olatunji dá ilé àṣà sílẹ̀ ní Harlem, Coltrane fi owó ràn án lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni Coltrane ti ṣeré ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1967, kò sì tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ó fi jáde láyé. Ọ̀kan nínú orin méjì tí ó fọn lọ́jọ́ náà ń jẹ́ Ogunde. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé Hubert Ogunde ni ó ń kì; inú orin àwọn ọmọ Áfíríkà ní ilẹ̀ Bùràsílì ni orúkọ náà ti wá.

Etí tí oríkì kọ́

Nísinsìnyí ni a lè dáhùn ìbéèrè tí a fi sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Karin Barber gbé ní Òkukù, ó kọ́ bí àwọn obìnrin ìlú náà ṣe ń ki oríkì, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1991. Ohun tí ọmọ Òkukù, ọmọ Ìkìrun tàbí ọmọ Èkó-Èǹdé mọ̀ láti ilé ni ìwé náà ṣàlàyé fún ayé: akígbe oríkì kì í ka àkọ́sórí láti òkè délẹ̀. Ó ní ẹyọ oríkì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ ni ó ń pinnu èyí tí yóò kọ́kọ́ mú, èyí tí yóò fò, àti ibi tí yóò yà sí. Kíkì àná kì í ṣe kíkì òní.

Bákan náà gan-an ni jáàsì. Orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n bí olórin ṣe tún un tò ní alẹ́ ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ọnà. Coltrane gba My Favorite Things sínú àwo ní ọdún 1960, kò sì tó ìṣẹ́jú 14. Nígbà tí ó fọn orin kan náà ní ilé Olatunji ní ọdún 1967, ó lé ní ìṣẹ́jú 34. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, omele ń di ilẹ̀ mú kí ìyálù lè rìn jìnnà. Nínú ẹgbẹ́ jáàsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ àti ìlù ń di ilẹ̀ mú kí fèrè lè rìn jìnnà. Ìyàtọ̀ wà, a kò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀: ìyálù ń sọ ọ̀rọ̀ nítorí pé èdè wa jẹ́ èdè olóhùn, sasofóònù kì í sọ ọ̀rọ̀. Kò sì yẹ kí á purọ́ pé gbogbo ilé ni a ti ń gbọ́ jáàsì. Jùjú, àpàlà àti sákárà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa jó sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí oríkì ti kọ́ létí kò ní pẹ́ mọ ohun tí fèrè ń ṣe.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Orin ilé Olatunji yẹn kò di àwo fún títà àfi ní ọdún 2001, lẹ́yìn ọdún 34. Bí kì í bá ṣe pé àwọn kan gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, ìròyìn rẹ̀ nìkan ni ìbá kù. Mélòó ni kò rí ẹni tọ́jú rẹ̀ nínú tiwa? Àwo àtijọ́ tí ó ń yí ní ìgbà 78 láàrin ìṣẹ́jú kan kì í pẹ́ fọ́. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, oòrùn a máa ká a bí ewé. Bí àwo bá sọnù, a lè rí òmíràn lọ́jà. Bí ẹni tí ó mọ ibi tí a ti rà á, tí ó mọ àwọn tí ó péjọ gbọ́ ọ àti ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí, bá lọ, kò sí ọjà tí a ti ń ra èyí.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Kí ó rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí àgbàlagbà kan ṣoṣo tí ó ní àwo nílé, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni ẹ ti rí i, bàbá tàbí ìyá? Àwọn wo ni ó ń wá gbọ́ ọ lọ́dọ̀ yín? Kí ni ó mú kí ẹ fẹ́ràn èyí ju òmíràn lọ? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní Yorùbá tí ó dángájíá, pẹ̀lú àmì ohùn. Lítíréṣọ̀ alohùn ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ẹni tí ó ń kàwé fún ìdánwò kò sì ní pàdánù nípa mímọ̀ wọ́n. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀ lónìí ni àwọn ọmọ wa yóò máa wá kiri lọ́la.