Orúkọ Owó àti Ìṣe Owó: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Ìnáwó Nínú Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Oko rọ́bà ni a fi mọ Ararọ̀mí-Obù, ní agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Níbi tí iṣẹ́ olówó oṣù bá wà, ọ̀rọ̀ owó kì í wọ́n níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ náírà, ṣénjì àti báláǹsì lẹ́nu òbí rẹ̀ kí ó tó dé kíláàsì. Ó sì lè gbọ́ ṣílè àti tọ́rọ́ lẹ́nu ìyá àgbà. Èwo nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí ni kí olùkọ́ àti olùyẹ̀wò gbà, èwo ni kí wọ́n kọ̀? Èrò wa ni pé ìtàn ló lè dá wa lóhùn.

Láti ẹyọ dé náírà

Kí owó onírin tó dé, ẹyọ tí a ń kó wá láti Òkun Íńdíà ni a ń ná. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá (2,000). Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan (20,000). Ẹyọ ti kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu. Ẹni tó bá pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́, ẹyọ ló ń kà láìmọ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú owó tirẹ̀ wá, a sì yá orúkọ rẹ̀ lò: pọ́n-ùn, ṣílè, sísì, tọ́rọ́, ẹ̀pìnnì. Kọ́bọ̀ pàápàá, láti ara orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbà ni ó ti wá. Kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan nígbà náà. Sísì jẹ́ kọ́bọ̀ 6, tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ 3.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, Nàìjíríà pa pọ́n-ùn tì, ó sì gba náírà. Pọ́n-ùn 1 di náírà 2. Ṣílè di kọ́bọ̀ 10, sísì di kọ́bọ̀ 5, tọ́rọ́ di kọ́bọ̀ 2½. Àpò kan, tí í ṣe 100 pọ́n-ùn, di 200 náírà lẹ́nu àwọn ọlọ́jà.

Ibí ni ìṣòro olùyẹ̀wò wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn pé kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ́, ó gbà á bí ìtàn tí a fún un bá ti ṣáájú ọdún 1973. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ọdún náà, ó ṣì í. Olùyẹ̀wò méjì tí kò bi ara wọn léèrè nípa ọdún lè fún ìdáhùn kan náà ní máàkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìṣe owó

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá wọ̀nyí, ọ̀rọ̀-orúkọ ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ ohun tí a ń fi owó ṣe kò yí padà: ná, san, yá, ṣẹ́, dá. Wọ́n bá ẹyọ lò, wọ́n bá ṣílè lò, wọ́n sì ń bá náírà lò.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kò sì bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Ẹni tó ná owó ti pàdánù owó rẹ̀. Ẹni tó ná ẹja títí tí kò rà á, owó rẹ̀ ṣì wà lápò. Nínú ìnáwó òkú tàbí ti ìgbéyàwó, ayẹyẹ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Yá pẹ̀lú: a yá ọ̀rẹ́ lówó, a sì yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì fún èyí.

Ní ìdà kejì, ọ̀rọ̀ kan ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún owó àti àkókò. Yorùbá kì í ná ọjọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ pé, ‘Mo ná ọjọ́ mẹ́ta ní Òrè’, Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ. ‘Mo lo ọjọ́ mẹ́ta ní Òrè’ ni ó tọ́.

Ìkádìí

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má ṣe gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tó kọ ṣílè tàbí ṣénjì ní àkọtọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti di ọmọ ilé. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ná tàbí san ni kí a tọ́ sọ́nà. Kí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò sì máa kọ ọdún sí abẹ́ àyọkà èyíkéyìí tí owó bá wà nínú rẹ̀.