Ta Ni Baálẹ̀ Adágún? Ìtàn Ìṣàkóso Ẹja Pípa ní Màláwì

Ìbéèrè tí mo gbé wá kò ṣòro láti bi, ṣùgbọ́n ó ti dá ọ̀pọ̀ ìjọba láàmú: bí omi bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ta ni ó láṣẹ láti sọ fún apẹja pé kí ó ká àwọ̀n rẹ̀ kúrò? Ibi méjì ní Màláwì ni n ó ti wá ìdáhùn.

Adágún Malombe kò tóbi: nǹkan bí 390 kìlómítà níbùú-lóòró ni, kò sì jìn. Odò Shire, tí ó ti inú Adágún Màláwì ṣàn wá, ni ó ń bọ́ ọ. Chambo, ìbátan ẹja epìyà tí àwa náà mọ̀, ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù chambo ni wọ́n ń pa níbẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń rí pa kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́. Àwọ̀n tí wọ́n ń pè ní nkacha wà lára ohun tí ó fà á. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ yípo, àwọn òmùwẹ̀ a sì rì lọ sísàlẹ̀ láti so ìdí rẹ̀ pọ̀. Ojú rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ẹja kò rí ibi yọ. Àwọn àwọ̀n tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ omi sì hú koríko tí ọmọ chambo ń sá pamọ́ sí.

Ní 1993, ìjọba, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti òkè òkun, bẹ̀rẹ̀ sí dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní àwọn abúlé etí omi, kí àwọn ará ibẹ̀ lè máa bá a ṣọ́ adágún náà. Òfin 1997 sì fi àṣẹ ti ètò náà lẹ́yìn. Èmi fúnra mi ti rò rí pé ọ̀nà àbáyọ nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí wọ́n yàn: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní àwọ̀n, àwọn tí ó sì ni nkacha kò ka ọ̀rọ̀ wọn sí. Àwọn baálẹ̀ rò pé a fẹ́ gba ipò mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọjá sí erékùṣù Mbenji, nínú Adágún Màláwì, ní agbègbè Salima. Láti àwọn ọdún 1950 ni àṣà ti wà níbẹ̀, lábẹ́ ìjòyè tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Msosa, pé láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n. Ọjọ́ tí a bá ṣí omi, ètùtù ni a kọ́kọ́ ń ṣe fún àwọn baba ńlá. Ọtí àmupara di èèwọ̀ ní erékùṣù, èébú náà di èèwọ̀. Wọn kì í sì í jẹ́ kí obìnrin dé ibẹ̀, ohun tí èmi kò lè yìn, nítorí pé àwọn obìnrin wà lára àwọn tí ń sá ẹja, tí ń tà á, tí wọ́n sì ń fi í bọ́ ilé.

Kí ló dé tí a kò kúkú gbé àṣà Mbenji lọ sí Malombe? Ilẹ̀ kò jọ ilẹ̀. Ní Mbenji, orí erékùṣù kan ṣoṣo ni gbogbo apẹja ń pàgọ́ sí; ojú kan tó láti ṣọ́ wọn. Ní Malombe, gbogbo etí omi ni èbúté. Èyí tí ó tún le jù ni pé àwọn apẹja ń fún baálẹ̀ ní ẹ̀bùn nínú ohun tí wọ́n bá pa. Baálẹ̀ tí ó ti jẹ nínú ẹja nkacha láàárọ̀, ẹnu wo ni yóò fi lé nkacha lálẹ́?